Ta ló ń jí lóru nígbà tí páìpù bá bẹ́?

Àbúrò mi,

Ohun tí o bi mí ni pé, níwọ̀n ìgbà tí o ti ní ilé méjì tí àwọn ayálégbé wà nínú rẹ̀, ṣé kí o tún yáwó ní báńkì ra ẹ̀kẹta lọ́dún yìí, kí o lè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kí o tó pé ẹni ọdún 45. O ṣàlàyé èlé, o ṣàlàyé iye tó ń wọlé, o sì ní àwọn ilé náà "ń bọ́ ara wọn láìsí wàhálà." Ẹ̀yìn ìyẹn ni o wá sọ gbólóhùn kan tí o sì yára kọjá lórí rẹ̀: "Ìyàwó mi ló kàn ń bá mi gbé ìpè àwọn ayálégbé." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, ibi "kàn" yẹn ni mo sì ń há sí.

Kí ló kàn ń ṣe? O ní ayálégbé mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé méjèèjì. Ẹni tó ń gbé ìpè wọn náà ló ń jí ní aago méjì òru nígbà tí páìpù bá bẹ́, tí yóò wá plọ́ḿbà kiri, tí yóò bá a ná owó iṣẹ́, tí yóò dúró tì í títí yóò fi parí, tí yóò sì tún bẹ ẹni tí omi ba ẹrù rẹ̀ jẹ́. Òun ló ń mú àwọn tó ń wá ilé gbà yípo yàrá tó ṣófo. Òun ló ń rán ẹni tí owó ilé rẹ̀ ti pẹ́ létí, tó sì ń gba ìwọ̀sí tó bá tẹ̀lé e. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ọdún 11 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wà láyé. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan máa ń wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo fi òwú so bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo kọ nọ́ńbà yàrá sí i. Títí di òní, bí fóònù bá dún lóru, abẹ́ ìrọ̀rí lọwọ́ mi kọ́kọ́ ń lọ kí n tó rántí pé a ti ta ilé náà. Kò sẹ́ni tó pe ohun tí mò ń ṣe ní iṣẹ́. "Ó ń ràn mí lọ́wọ́" ni ọkọ mi ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe pè é.

Ó yá, mú ìṣirò rẹ wá. O ní nínú gbogbo 100 tó bá wọlé, bí o bá ti san gbèsè báńkì, owó orí, owó adójútòfò àti owó àtúnṣe tán, 15 ló ń ṣẹ́ kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ẹni tí a bá gbà láti máa bójú tó ilé máa ń gba nǹkan bí 8 sí 12 nínú 100 owó ilé. Yọ 10 fún iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ ń ṣe, 5 ló kù. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá sì ṣófo fún oṣù kan péré lọ́dún, èyí tí n kò rí nínú ìṣirò rẹ rárá, ó ti gbé ju 8 lọ nínú 100. Àwọn ilé rẹ kò bọ́ ara wọn, àbúrò mi. Oorun ìyàwó rẹ ni wọ́n ń jẹ. O tún wá mẹ́nu bà á pé èlé owó tí o fẹ́ yá lè yí padà. Láàrin oṣù kẹfà ọdún 2004 sí oṣù kẹfà ọdún 2006, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé tirẹ̀ láti 1 dé 5.25 nínú 100, èlé gbèsè tó lè yí padà sì ń tẹ̀ lé e gòkè, ọ̀pọ̀ ẹni tó fi irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ra ilé kò sì lè san án mọ́, ilé sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé obìnrin yìí fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró fún gbèsè náà, síbẹ̀ orúkọ rẹ nìkan ló wà lórí ìwé ilé méjèèjì, o ní "kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀." Nítorí náà, bí nǹkan bá dàrú, báńkì yóò wá a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; bí nǹkan bá dára, ìwọ ni onílé. N kò rò pé ìkà ni ọ́. Mo rò pé o kò wò ó rí ni, ó sì ti tó àkókò kí o wò ó.

N kò ní dáhùn ọ̀rọ̀ ilé kẹta. Gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ra ìwé kékeré kan, kí o sì máa kọ aago tí ìpè kọ̀ọ̀kan wọlé àti iye wákàtí tó gbà ọ́ síbẹ̀, títí kan èyí tó bá ká ọ mọ́ ibi iṣẹ́ tí o kò sì lè gbé. Láàrin oṣù mẹ́ta yẹn, lọ bá agbẹjọ́rò kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ilé. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, gbé ìwé kékeré yẹn síwájú rẹ̀, kí ẹ jọ kọ iye tó yẹ kó máa gbà lóṣooṣù, kí o sì wá bi òun, kì í ṣe èmi, bóyá kí ẹ ra ilé mìíràn. Ìdáhùn yòówù tó bá fún ọ, fara mọ́ ọn.

Lálẹ́ òní, ẹ̀gbẹ́ orí tìrẹ ni kí fóònù náà sùn.