Ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ kọ́ ni Cybertron

Arákùnrin kan ló béèrè. Ó ní òun àti ọmọ òun jọ ń wo Beast Machines, eré àwòrán Transformers àtijọ́, ọmọ wá bi òun pé kí ni Yorùbá ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ níparí sí Cybertron, pílánẹ́ẹ̀tì àwọn róbọ́ọ̀tì inú eré náà. Ayé tó jẹ́ kìkì irin àti ẹ̀rọ ni tẹ́lẹ̀, kó tó wá di ayé tí koríko àti igi ti ń hù láàárín irin. Technorganic ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn. Kí n tó débẹ̀, ẹnì kan ti sáré dá a lóhùn pé: "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ." Àwọn èèyàn sì ń kan sáárá sí i! Ó ká mi lára. A kì í ju òwe bí ẹni ń ju òkò sọ́jà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí òwe yẹn ń sọ ṣá? Ẹni tó bá dàgbà sídìí ọṣẹ dúdú ló lè sọ ọ́. Ìyá ìyá mi máa ń sè é. Wọ́n á sun èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n á da àdín sí i, wọ́n á máa rò ó títí á fi ki. Bó bá tutù, wọ́n á bù ú sínú ewé, wọ́n á pọ́n ọn, ó di orí àjà. Ẹ lọ tú u lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ kìíní ti dúdú, ó ti rọ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣí i tí kò ní já. Màmá kì í tiẹ̀ ṣí i. Wọ́n á gbo tewé tọṣẹ mọ́ kàn-ìn-kàn-ìn, wọ́n á fi wẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ á sì máa hó bákan náà. Ewé ti tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè fi pọ́n mọ́ínmọ́ín mọ́ láyé. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pa òwe náà fún àjèjì tó pẹ́ nílùú títí tó fi di onílùú, tàbí fún ọmọ tó ń bá ìpàǹpá kan rìn. Ọ̀kan ló ń gbé èkejì mì.

Wàyí o, ta ló gbé ta mì ní Cybertron? Eré yẹn jáde láàárín 1999 sí 2000, ìpín 26 ni, ilé iṣẹ́ Mainframe ní Kánádà ló fi kọ̀ǹpútà yà á. Megatron, ọ̀dádá inú eré náà, gba ayé náà, ó ní irin nìkan ni òun fẹ́, ohun ẹlẹ́mìí kankan ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Ẹranko sì rèé lára òun fúnra rẹ̀, tó ń wá gbogbo ọ̀nà láti yọ ọ́ dànù! Ọṣẹ lòun fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Optimus Primal, olórí àwọn tó ń bá a jà, náà ṣìnà. Ó kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ tí Oracle, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, rán òun ni kí òun pa ẹ̀rọ rẹ́ pátápátá, díẹ̀ ló sì kù kó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ọṣẹ nìyẹn náà, àwọ̀ ló kàn yàtọ̀. Ìgbà tó yé e pé ẹ̀rọ àti ohun ẹlẹ́mìí ní láti jọ wà ni ọ̀rọ̀ tó lójú. Òun àti Megatron já sínú ikùn pílánẹ́ẹ̀tì náà, ayé yí padà, koríko hù, irin ò sì lọ síbì kankan. Ewé wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀. Òwe wa ti yẹ̀.

Ẹlòmíì ní ìparadà ni. Èyí sàn díẹ̀, àmọ́ ìparadà máa ń ní àbọ̀. Obìnrin àgbọ̀nrín inú àlọ́ bọ́ awọ rẹ̀, wọ́n gbé e pa mọ́ sórí àjà, ọjọ́ tó bá rí i ló ń padà sígbó. Eégún onídán á di ère, kí agbo tó tú, ó ti tún di eégún. Àwọn róbọ́ọ̀tì yẹn gan-an ló ń para dà, tí wọ́n ń di ọkọ̀ tí wọ́n tún ń di bí èèyàn, òun ni wọ́n sì fi ń ta ohun ìṣeré wọn fọ́mọdé láti 1984. Pílánẹ́ẹ̀tì ò ní awọ kankan lórí àjà. Àmúlùmálà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ èébú nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àdàlù ni mo sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó máa kà á lọ. Lásìkò àgbàdo tútù, ẹ̀wà ni Màmá á kọ́kọ́ gbé kaná, torí òun ló ń pẹ́ jinná. Bó bá ti ń rọ̀, wọ́n á da àgbàdo tá a ti yìn lé e, kí epo, ata àti edé tó tẹ̀ lé e. Ẹ bu ṣíbí kan wò. Ẹ̀wà rèé, àgbàdo rèé, eyín yín lè ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n omi tó ki láàárín wọn yẹn, ti ẹ̀wà kọ́, ti àgbàdo kọ́, kò sì sí ẹni tó máa dá ẹ̀wà yẹn padà sínú àpò. Wọ́n ti dà wọ́n lu ara wọn, orúkọ rẹ̀ ti wí bẹ́ẹ̀. Kódà ẹni tó kọ́kọ́ wọ ìkòkò bára mu: abẹ́ irin Cybertron ni wọ́n ti rí igi tó ń so èso, nígbà tí Megatron rò pé òun ti gbá gbogbo ohun ẹlẹ́mìí mọ́.

Lọ́jọ́sí, mo rán àbúrò mi kan ní àdàlù, ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Áà, bíìnsì àti kọ́ọ̀nù!" Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì o, tó lè ka Tankor, Jetstorm àti Thrust, àwọn ọ̀gágun Megatron, fún yín lójú oorun.

Arákùnrin, ẹ sọ fún ọmọ yín pé ayé àdàlù ni. Bó bá bi yín pé kí ni àdàlù, ẹ má ṣàlàyé, ẹ sè é fún un. Ẹ má jẹ́ kó ṣa àgbàdo inú rẹ̀ jẹ kó fi ẹ̀wà sílẹ̀.