Wọ́n ní kí ọmọ mi wá ṣe júrì nílùú ọba: ṣé wọ́n pè é lẹ́jọ́ ni?

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà kóòtù ṣàdédé dé bá a pé kó wá ṣe júrì. Kò jà, kò jalè, kò jẹ gbèsè. Páálí Nàìjíríà ló ṣì ń lò, kò tíì di ọmọ ìlú wọn. Àwọn tá a jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ní kó sọ pé ara òun ò yá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Houston ní òun náà rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbà láìpẹ́ yìí, òun sì jù ú nù. Ṣé kí n wá lọ́yà fún un ni? Kí ló dé tí wọn kì í pe àwa bẹ́ẹ̀ ní kóòtù Ìsàbọ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pe ọmọ yín lẹ́jọ́. Wọ́n fẹ́ kó wá bá wọn dá ẹjọ́ ẹlòmíràn ni: júrì ni èèyàn méjìlá tí kì í ṣe adájọ́, tí wọ́n ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n lè sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Kò nílò lọ́yà, ẹ fowó yín pamọ́.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni pé wọ́n lè pe ẹni tó ń lo páálí Nàìjíríà. Ní England, Òfin Júrì ti 1974 kò béèrè bóyá èèyàn jẹ́ ọmọ ìlú. Ó ní kí orúkọ ẹni wà nínú ìwé olùdìbò, kí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 75, kó sì ti gbé ilẹ̀ wọn fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 13. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ọmọ wa tó ń gbé níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò. Inú ìwé yẹn ni kọ̀ǹpútà ti ṣa orúkọ ọmọ yín, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àìsàn tí wọ́n ní kó fi ṣe àwáwí yẹn, kó má dán an wò. Ẹni tó bá purọ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ júrì ti ṣẹ̀ sófin, nọ́ọ̀sì kì í sì í fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Kó fèsì láàárín ọjọ́ méje. Bí àsìkò náà kò bá rọrùn, bóyá ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé tàbí ó ní ìdánwò, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì fi ẹ̀rí hàn. Wọ́n lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, láàárín oṣù 12. Bí kò bá fèsì tí kò sì yọjú, owó ìtanràn lè tó £1,000. Iṣẹ́ náà sábà máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Bí wọn ò bá san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn, kóòtù á dí i fún un dé ìwọ̀n kan.

Tó bá débẹ̀, ìjókòó ló máa kọ́kọ́ pọ̀. Wọ́n á kó gbogbo àwọn tí wọ́n pè sí yàrá kan, àwọn míì á sì wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìgbọ́ orúkọ wọn. Bí ẹjọ́ bá délẹ̀, akọ̀wé kóòtù á fa orúkọ 12 yọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi Bíbélì tàbí Kùránì búra. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìwé mímọ́ kankan búra á kàn ṣèlérí. Bí ọmọ yín bá mọ ẹni tó ń jẹ́jọ́ tàbí ẹlẹ́rìí kan, ibẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ yẹn.

Òfin wà lọ́wọ́ adájọ́: ẹ̀rí wo ni kí wọ́n gbọ́, kí ni agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kí a tó lè pe ọ̀rọ̀ ní olè jíjà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà lọ́wọ́ júrì. Ta ló ń purọ́ nínú àwọn ẹlẹ́rìí? Ṣé ọkùnrin yìí ló wà nínú fídíò yẹn, àbí ẹni tó jọ ọ́? A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá kò sí níbẹ̀. Títí tọ̀tún-tòsì á fi sọ tiwọn tán, ẹnu wọn á wà ní dídé. Bí kò bá dá wọn lójú pé ó jẹ̀bi, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀. “Ó jọ bẹ́ẹ̀” kò tó. Adájọ́ máa kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹnu gbogbo wọn kò. Bí wọ́n bá ti jíròrò ju wákàtí méjì lọ tí ẹnu ò kò, ó lè gbà kí èèyàn mẹ́wàá borí méjì. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n kò kàn wọ́n mọ́, adájọ́ ló ni ìyẹn.

Gbogbo ẹjọ́ kọ́ ló ń dé iwájú júrì o. Nínú 100 ẹjọ́ ọ̀daràn, ó lé ní 90 tó ń parí síwájú májísírétì. Ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè, irú wọn ni júrì wà fún.

Kí wá ni wọ́n ń fi júrì ṣe, nígbà tí adájọ́ tó mọ̀wé wà níbẹ̀? Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní 1670, wọ́n kó William Penn àti William Mead wá sí kóòtù ní London torí ìwàásù ní ìgboro. (Penn yìí náà ló wá dá Pennsylvania sílẹ̀.) Àwọn adájọ́ fẹ́ kí júrì ní wọ́n jẹ̀bi. Júrì kọ̀. Wọ́n tì wọ́n mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá jáde. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n ní kí wọ́n wà lẹ́wọ̀n títí wọ́n á fi san án. Edward Bushell, ọ̀kan nínú wọn, kò san. Ó gbé e lọ sí kóòtù mìíràn, adájọ́ àgbà Vaughan sì ní kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ júrì nítorí ìdájọ́ tí wọ́n dá. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè bi ọmọ yín pé kí ló rí tó fi ní ẹnì kan kò jẹ̀bi. Ìjọba ló ni ọlọ́pàá, òun ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, síbẹ̀ kó tó ti ọmọ ẹlòmíràn mọ́lé lórí irú ẹ̀sùn yìí, ó di kí nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti tíṣà gbà fún un.

Ní ti Ìsàbọ̀: láyé òyìnbó, júrì wà ní Èkó, wọ́n sì ti pa á rẹ́ tipẹ́. Lónìí, ì báà jẹ́ iwájú májísírétì n'Ísàbọ̀ tàbí ilé-ẹjọ́ gíga ní Kobapẹ́, adájọ́ kan náà tó ń wo òfin ló ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ la ti ń rí ààrẹ àti àwọn tó bá a jókòó. Ẹ̀gbá kò sì ṣàjèjì sí ìdájọ́ àjùmọ̀dá: ilé Ògbóni ni ẹjọ́ ńlá ń lọ láyé ijọ́un. Ṣùgbọ́n oyè ló gbé àwọn àgbà yẹn débẹ̀, àwọn náà ló sì ń bu ìyà fún ẹni tó jẹ̀bi, nítorí náà mi ò lè pè wọ́n ní júrì.

Àwọn kan ń pariwo pé ká dá júrì padà. Èmi ò sí níbẹ̀. Júrì kì í sọ ìdí: ó jẹ̀bi, kò jẹ̀bi, ó tán. Adájọ́ tiwa gbọ́dọ̀ kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, abala 294 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sì fún un ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà bá ti sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Ìwé yẹn ni àwa lọ́yà ń gbé lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, tá a fi ń tọ́ka sí ibi tó ti ṣì í. Ẹ tún wo Abẹ́òkúta wa yìí. Bí wọ́n bá ṣa èèyàn 12 ní Ìtòkú, mélòó ni kò ní mọ ìyá olùjẹ́jọ́, àwọn àna rẹ̀, tàbí ìsọ̀ tó ti ń rajà? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹlẹ́bẹ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹ̀yin gan-an ni èyí kàn: bí ẹjọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má bi í nípa rẹ̀ lórí WhatsApp. Òun náà kò gbọ́dọ̀ wá a lórí Google. Láti 2015 ni ìyẹn ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Bó bá parí, ó lè sọ ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ní gbangba kóòtù. Ohun tí àwọn méjìlá bá ara wọn sọ nínú yàrá, ta ló ní ó jẹ̀bi, ta ló ní kò jẹ̀bi, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ìyá tó bí i pàápàá. Bó bá ní òun ò lè sọ, ẹ má pè é ní ìgbéraga. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín pé wọ́n fẹ́ mú un torí júrì, kí ẹ tètè fowó ránṣẹ́, gbájúẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló níṣẹ́ láti ṣe. Ọmọ ìlú nìkan ló lè ṣe júrì ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú orúkọ látinú ìwé àwọn tó ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní green card. Bó bá jẹ́ green card ló ní, kó fèsì pé òun kì í ṣe ọmọ ìlú. Kó má sọ pé òun jẹ́ ọmọ ìlú o, irọ́ yẹn lè mú kí wọ́n lé e wálé. Bó bá sì ti di ọmọ ìlú, kó pe akọ̀wé kóòtù àgbègbè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó ní lẹ́tà náà kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, kí wọ́n sì fún òun ní ọjọ́ mìíràn.