Ogun Òmìnira Amẹ́ríkà: kí ni kọ́mọ kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Kíláàsì karùn-ún lọmọ mi wà ní Texas. Wọ́n ní kó wo àwòrán tí Paul Revere, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Boston, ṣe nípa ìpakúpa Boston, kó sọ ìdí táwọn ará Amẹ́ríkà fi dìde sọ́ba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìlú ló fìmọ̀ ṣọ̀kan torí òmìnira. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, pé ta ló ń lẹ́rú tó tún ń pariwo òmìnira? Kí ni kí n ní kó kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá kọ pé irọ́ ni láìsí ẹ̀rí, olùkọ́ á fagi lé e, kò sì ní jẹ̀bi. Àwòrán yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní aláwọ̀, kó tóbi.

Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, 1770, àwọn èrò ní Boston ń ju yìnyín lu àwọn ṣọ́jà ọba, ìbọn dún, èèyàn 5 kú. Ẹ wá wo ohun tí Revere yà. Àwọn ṣọ́jà tò gbọọrọ, ọ̀gá wọn gbé idà sókè lẹ́yìn wọn bí ẹni ń pàṣẹ. Kò sẹ́ni tó ń ju nǹkan kan. Ó kọ “Gbọ̀ngàn Alápatà” sókè ilé kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò sì hàn níbẹ̀ pé ọmọ ìran Áfíríkà ni Crispus Attucks, ọ̀kan nínú àwọn tó kú. Oṣù kan kò tíì pé tó fi ń tà á, ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kó wá fi ìdájọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́ọ̀tù dá ọ̀gá wọn, Thomas Preston, sílẹ̀. Nínú ṣọ́jà 8, wọ́n dá 6 sílẹ̀. Ìpànìyàn tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni wọ́n ká mọ́ 2 lọ́wọ́. John Adams ló gbẹjọ́ wọn rò, òun náà ló tún ja fitafita fún Ìkéde Òmìnira ní 1776. Ẹni tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ ni, síbẹ̀ ohun tó sọ ní kọ́ọ̀tù kò bá àwòrán yẹn mu.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1775, Lord Dunmore, gómìnà ọba ní Virginia, ṣèlérí òmìnira fún ẹrú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó bá wá jà fún ọba. Ẹrú àwọn ọ̀rẹ́ ọba kò sí níbẹ̀ o! Àwọn dúdú mìíràn jà lọ́dọ̀ George Washington, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀. Nígbà tógun parí ní 1783, nǹkan bí 3,000 dúdú bá ọkọ̀ ọba kúrò ní New York, ọ̀pọ̀ wọn gba Nova Scotia ní Kánádà lọ. Láti ibẹ̀ ni nǹkan bí 1,200 ti wá dá Freetown ní Sierra Leone sílẹ̀ ní 1792, ìlú kan náà tí wọ́n gbé Àjàyí Crowther sọ̀ sí ní 1822. Ìlà kan nípa èyí á mú kíṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Bó bá máa kan tíì Boston, èyí táwọn ọlọ̀tẹ̀ dà sómi ní 1773, kó ṣọ́ra, àwọn ọmọ máa ń kọ ọ́ sódì. Òfin 1773 ń mú kí tíì dínwó ni. Owó orí tó wà lórí rẹ̀, tí ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù bù lé wọn láìní aṣojú níbẹ̀, ló ń bí wọn nínú.