Wúrà ti wọ sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kí ló so mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè bóyá ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń wọn iye èròjà bíi wúrà, lè sọ púrótéènì tí wúrà inú auranofin, oògùn oníwúrà, so mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Kò lè sọ ọ́ fún yín. Ooru rẹ̀ ti tú gbogbo nǹkan ká. Iye wúrà nìkan ló ń kà. Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn púrótéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí, láì sè wọ́n, kí ẹ tó wọn wúrà inú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì fi DTT, kẹ́míkà tó ń já ìsopọ̀ sulfur inú púrótéènì, sí i rárá! Sulfur inú rẹ̀ á já wúrà gbà.

Bí omi tí ẹ fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì bá ní omi ẹ̀jẹ̀ nínú, albumin, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀, á ti gbá wúrà mú ní cysteine 34 (amino acid rẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, tó ní sulfur) kó tó wọlé. Bó ṣe ń ṣe nínú ara aláìsàn náà nìyẹn.

Ní tèmi, thioredoxin reductase, ẹ́ńsáìmù kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: selenium inú rẹ̀, èròjà tó jọ sulfur, máa ń di wúrà mú ṣinṣin.