Lẹ́tà Yín Dọ́wọ́ Wa: Ta Ló Ní Kí Master Chief Ṣí Akoto?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bọ̀dá mi la jọ máa ń gbá géèmù Halo látìgbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìgbà tá a gbọ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ di eré tẹlifíṣàn inú wa dùn gan-an, àmọ́ ká má parọ́, a ò lè wo síísìn kìíní tán. Bọ̀dá mi ní torí pé wọ́n yí ìtàn padà ni. Èmi ò gbà, torí The Last of Us, géèmù míì tí wọ́n sọ di eré, náà yí nǹkan padà, mo sì wò ó mo sunkún. Kí ló dé gan-an tí Halo fi já wa kulẹ̀ báyìí? Ṣé kí n ṣì lọ wo síísìn kejì? Èmi ni, Onígéèmù, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun. Bọ̀dá ẹ ò jẹ̀bi tán o, àmọ́ tìẹ ló jọ òótọ́ jù.

Wò ó, látọdún 2001 tí iléeṣẹ́ Bungie ti gbé Halo àkọ́kọ́ jáde lórí Xbox, géèmù ò fi ojú Master Chief, ọmọ ogun tá a fi ń gbá a, hàn wá rí, àfi ti Halo 4 tó jẹ́ pé tó o bá gbá a parí lórí Legendary, ibi tó le jù, wàá rí ẹyinjú ẹ̀ fírí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ tó o di páàdì mú gan-an lo wà nínú akoto yẹn, ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Cortana, kọ̀ǹpútà onílàákàyè tó ń bá a rìn, ló ń bá a sọ̀rọ̀ létí, ó ń yìnbọn lọ, kó o tó mọ̀ ọ́ o ti gbàgbé pé orí àga pálọ̀ lo jókòó sí.

Wàyí o, eré bẹ̀rẹ̀ lórí Paramount+ ní oṣù kẹta 2022, ẹpisóòdù àkọ́kọ́, wọn ò tíì kí wa káàbọ̀ tán, Pablo Schreiber tó ṣe Master Chief ti ṣí akoto! Ó fẹ́ kí Kwan Ha, ọmọbìnrin kan tó gbà là, fọkàn tán òun. Ó yé mi o, òṣèré nílò ojú. Àmọ́ ààyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa yẹn, kí ni wọ́n wá fi dí i? Wọ́n ní kó lọ bá Makee sùn. Makee tó ń ṣiṣẹ́ fún Covenant, àwọn ẹ̀dá ayé míì tó ń pa ọmọ aráyé nípakúpa, Cortana sì wà nínú orí Master Chief níbẹ̀! (Jen Taylor tó ń sọ Cortana nínú géèmù ni wọ́n ṣì lò, ìyẹn ni wọ́n ṣe dáadáa.) Ẹpisóòdù keje wá ńkọ́, Kwan àti Soren, ọ̀rẹ́ Master Chief àtijọ́, ló gba gbogbo ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Halo fúnra ẹ̀, òrùka ńlá tó wà lójú sánmà yẹn. Nínú géèmù, ìpele kejì lo ti máa balẹ̀ síbẹ̀. Nínú eré, ó di ìparí síísìn kejì, oṣù kẹta 2024, kí Master Chief tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, nígbà tó di oṣù keje wọ́n ní kò sí síísìn kẹta mọ́. Ẹpisóòdù 17 ká tó débi tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun tí wọ́n ń fọ àwo títí ilẹ̀ fi ṣú.

The Last of Us tó o sọ yẹn, nínú géèmù Frank ti pokùn so kó o tó débẹ̀, eré wá fi òun àti Bill, olólùfẹ́ ẹ̀, ṣe odindi ẹpisóòdù kan, kò sì sẹ́ni tó bínú púpọ̀ nínú àwa tá a gbá a, torí Neil Druckmann tó kọ géèmù wà lára àwọn tó kọ eré, Joel tá a fi ń gbá a náà sì ti lójú àti ìwà tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ṣe lò ń tẹ̀lé e. Àwọn tó sọ géèmù Fallout di eré ní 2024 tiẹ̀ gbọ́n jù, wọn ò fọwọ́ kan ẹni tí ìwọ gbá rárá, Lucy àti Maximus, ẹni tuntun ni wọ́n, ayé yẹn nìkan ni wọ́n yá lò.

Ní ti síísìn kejì, wò ó. Ọ̀gá míì, David Wiener, ló gbà á, ó sì dáa ju ti kìíní lọ fíìfíì. Ẹpisóòdù kẹrin tí Reach, pílánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ibùdó ológun ọmọ aráyé, ti ṣubú, ogun gidi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Master Chief ò wọ ìhámọ́ra ẹ̀ lọ́jọ́ náà (mo mọ̀, mo mọ̀). Pe bọ̀dá ẹ kẹ́ ẹ jọ wo ìyẹn ná. Tó bá ṣì ń bínú, ẹ padà sídìí páàdì yín.