Agolo Owó Àtijọ́ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run yóò dẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ ní agolo bísíkíìtì kan ni wọ́n fi sílẹ̀ tí owó onírin ilẹ̀ Yúróòpù kún inú rẹ̀, àti pé ọ̀kan tó ń dán bíi wúrà, tí ó ní orí Ọbabìnrin Victoria lójú kan àti ẹlẹ́ṣin tó dé adé lójú kejì, ni ẹ fẹ́ gbé lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà lọ́la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé e lọ, nítorí irú rẹ̀ gan-an ni mo gbé káàkiri fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí bàbá tèmi kú. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjà Portobello ni wọ́n sì ti ń ṣa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ní Sátidé.

Bí ẹ bá rí TO HANOVER lójú ibi tí ẹlẹ́ṣin wà, kì í ṣe owó rárá. Ní ọdún 1837 tí Victoria jọba ní Ìlú Ọba, òfin Hanover ní Jámánì kò gbà kí obìnrin gun orí ìtẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin ṣì wà nínú ìdílé, ni àbúrò bàbá rẹ̀, Ernest Augustus, bá lọ jọba níbẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ fi ẹlẹ́ṣin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ìrìnàjò rẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n sì ń lò ó nídìí káàdì bí ọmọ ayò. Pọ́n-ùn wúrà gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní sovereign, tẹ̀wọ̀n tó gíráàmù 7.98; tèmi kò tó 4. Ojú tì mí, torí mo ti sọ fún àbúrò mi pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ti délẹ̀.

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, lẹ́tà ni ẹ ó kà, kí ẹ sì rántí pé Látìn máa ń fi V dípò U. HELVETIA ni Switzerland, MAGYAR ni Hungary, SUOMI ni Finland.

Èyí tó dà mí láàmú jù ni idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò ní iye kankan lára, tí adé mẹ́ta àti òdòdó lílì mẹ́ta yí róòsì kan ká. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá ìlú tó ní ọba mẹ́ta, kí n tó fi awò ka Hans Krauwinckel létí rẹ̀. Kì í ṣe ọba; oníṣẹ́ idẹ ní ìlú Nuremberg ni, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, irin ìṣirò ló sì ń ṣe, èyí tí àwọn oníṣòwò ń tò sórí tábìlì onílà láti ṣírò owó kí ìṣirò orí ìwé tó gbilẹ̀.

Bí fàdákà ńlá kan bá wà níbẹ̀ tó ní orí obìnrin àti 1780, ẹ má ka ọdún náà sí ọjọ́ orí rẹ̀. Maria Theresa ti Austria kú lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò yéé rọ owó náà pẹ̀lú 1780 lára rẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá àti Ethiopia ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fọkàn tán an. Ó ń tẹ̀wọ̀n ju gíráàmù 28 lọ díẹ̀, ọ̀rọ̀ IUSTITIA ET CLEMENTIA sì wà létí rẹ̀.

Tèmi péye, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ bí ìyá mi ṣe ń fọ idẹ, títí gbogbo dúdú inú ìṣẹ́po aṣọ obìnrin náà fi ṣí kúrò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún fún ìlà wínníwínní bí àwo tí wọ́n fi iyanrìn fọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á yí i síbi iná, ó ní ara rẹ̀ ti bó, iye fàdákà nìkan ni òun yóò san.

Ẹ wọn ẹlẹ́ṣin yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ sì kọ iye gíráàmù rẹ̀ àti gbogbo lẹ́tà tó yí i ká ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀. Etí ni kí ẹ dì mú.