Èsì: Ilẹ̀ oníbátìrì tí ẹ fẹ́ fi kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò fún ọdún pípẹ́ lọ́nà Ìwó, òjé (lead), irin olóró inú bátìrì, á wà níbẹ̀. Òjé kì í jẹrà. Orí ilẹ̀ ló máa ń dúró sí, níbi tí ọmọ ti ń ṣeré, tí á tún ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nítòsí ilé pa ọ̀pọ̀ ọmọdé.

Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ níbi púpọ̀, tòkè lọ́tọ̀, tìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú omi kànga, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Tí òjé inú rẹ̀ bá pọ̀, ẹ ní kí wọ́n ha yẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, kí wọ́n fi ilẹ̀ tó mọ́ dípò. Ẹ má jẹ́ kí onítípà lọ da yẹ̀pẹ̀ náà sétí odò Ògùnpa o!